Àgbéyẹ̀wò físà Ṣẹ́ńgẹ̀n láti Abuja: òfin rẹ̀ kò le, ìwé tí ò bára mu ló ń dá èèyàn padà

Ká tètè débi tí ọ̀rọ̀ wà. Nínú gbogbo físà tí ọmọ Nàìjíríà ń tọrọ láti lọ ṣèbẹ̀wò ọjọ́ díẹ̀ lókè òkun, físà Ṣẹ́ńgẹ̀n, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí èèyàn lè fi wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, èyí tí wọ́n ń pè ní Type C, wà lára àwọn tí òfin wọn hàn kedere jù. Iye owó rẹ̀ wà nílẹ̀, iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi dáhùn wà nílẹ̀, kódà àwọn ìdí tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ sọ pé rárá wà lórí fọ́ọ̀mù kan náà tí gbogbo orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ ń lò. Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ márùn-ún là ń fún nǹkan, mo fún òfin ní mẹ́rin. Ti ọ̀rọ̀ àyè láti wá fi ìwé sílẹ̀, ìràwọ̀ kan, àánú ló sì mú mi fún un. Èyí tó kù, ọwọ́ àwa tí à ń tọrọ ló wà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì máa pẹ́ sí jù.

Orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú agbo Ṣẹ́ńgẹ̀n látìgbà tí Bùlùgéríà àti Rùmáníà ti wọlé tán ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Ireland àti Cyprus ò sí níbẹ̀. Switzerland àti Norway wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá dúró ní tiẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ya London lójú ọ̀nà, físà mìíràn nìyẹn, owó mìíràn nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń fún èèyàn ni ọjọ́ 90, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín ọjọ́ 180. Ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde, wọ́n ń ka méjèèjì. Ẹni tó wọlé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta tó sì jáde ní ọjọ́ 31 ti lo ọjọ́ 29, kì í ṣe 28. Ọjọ́ 180 yẹn ò sì bẹ̀rẹ̀ látinú oṣù kìn-ín-ní ọdún gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ọjọ́ tí ẹ bá wà níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń kà á padà sẹ́yìn.

Ẹ́ńbásì wo lẹ máa lọ? Kì í ṣe èyí tó bá wù yín. Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa pẹ́ sí jù lẹ máa tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sùn oorun mẹ́rin ní Paris, mẹ́fà ní Rome, méjì ní Amsterdam, Ítálì ni. Bí iye ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ kọ́kọ́ máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ni. Àwọn kan máa ń sọ fún èèyàn pé kó lọ gba ti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní ó rọrùn, kó wá gba ibẹ̀ kọjá sí ibi tó ń lọ. Ẹ má gbà. Bí ọlọ́pàá ibodè bá rí i pé ìrìn tí ẹ tìtorí rẹ̀ gba físà kọ́ lẹ ń rìn, ó lágbára láti fagi lé e níbẹ̀, ẹ ó sì padà sílé.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ Abuja tàbí Lagos. Àwọn orílẹ̀-èdè kan tó ní ẹ́ńbásì ní Abuja tó tún ní kọ́ńsúlétì ní Lagos máa ń pín àwọn ìpínlẹ̀ láàárín méjèèjì, ibi tí ẹ ń gbé ló sì ń sọ ibi tí ẹ máa lọ, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí bàbá yín ti wá. Ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé Kano, ti Kano ni wọ́n máa wò. Nítorí náà ẹ mú ẹ̀rí ibùgbé dání: ìwé iná AEDC fún ẹni tó wà ní Abuja, KEDCO fún ará Kano, tàbí ìwé àdéhùn ilé pẹ̀lú rìsíìtì owó ilé. Bí mítà bá jẹ́ ti onílé, tí orúkọ onílé ló wà lórí rẹ̀, ẹ fi ìwé àdéhùn ilé tì í lẹ́yìn.

Ó wá kan àyè. Òfin ní ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìnàjò, kò sì gbọdọ̀ kéré sí ọjọ́ 15 kí ẹ tó gbéra. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ 15 yẹn ti pẹ́. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹjọ, tí ọlọ́mọ fẹ́ kó ọmọ lọ fún ìsinmi, àyè máa ń wọ́n bí ojú. Ibí làwọn èjẹ́ńtì tó ń tà àyè ti ń rí jẹ. Wọ́n á ní àwọn mọ ẹnìkan nínú ọ́fíìsì. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láàárọ̀ kùtù, wọ́n á fi orúkọ kó àyè jọ, wọ́n á wá máa tà á. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń so àyè mọ́ èèyàn. Tí àyè tí ẹ rà bá jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ẹlòmíràn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé, owó yín sì ti lọ. Ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì, pẹ̀lú ímeèlì tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣí, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú ìrìn.

Ilé-iṣẹ́ agbàwé bíi VFS Global àti TLScontact ló ń gba ìwé fún púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n á gba ìwé, wọ́n á tẹ̀ka, wọ́n á gbé e fún ẹ́ńbásì, ó tán. Wọn ò ní ẹnu nínú ìpinnu, nítorí náà ẹni tó bá ní òun lè bá yín "sọ ọ́" níbẹ̀ ń wá owó yín ni. Owó físà fúnra rẹ̀ jẹ́ €90 fún àgbà láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 2024, €45 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, ọ̀fẹ́ fún èyí tí kò tí ì pé mẹ́fà. Owó iṣẹ́ agbàwé wà lọ́tọ̀, òfin sì sọ pé kì í jù ìdajì owó físà lọ. Gbogbo èyí tó kù, ìyẹn yàrá ọlọ́lá, àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, gbígbé pásípọ́ọ̀tù wá sílé, kì í ṣe dandan. Ẹni tó ń bọ̀ láti Maiduguri tàbí Sokoto lè rí èrè nínú kí wọ́n gbé pásípọ́ọ̀tù rán sí i. Ará Gwarinpa kó lọ gbà á fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Kano, Jos tàbí Kaduna, ẹ wá sùn ní Abuja mọ́jú ọjọ́ náà. Ẹni tó sì ń gbé Nyanya tàbí Mararaba mọ bí ọ̀nà náà ṣe ń rí láàárọ̀ Monday. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má gba àyè aago mẹ́jọ.

Pásípọ́ọ̀tù: ó gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́hùn-ún, kó má tí ì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti ṣe é, kó sì ní ojú ewé méjì tó ṣófo. Ẹ kó àwọn ti àtijọ́ tí físà wà nínú wọn dání. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tuntun, láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni olójú-ewé 32 ọlọ́dún márùn-ún, ₦200,000 ni olójú-ewé 64 ọlọ́dún mẹ́wàá. Fótò: milimítà 35 ní fífẹ̀, 45 ní gíga, kó má ju oṣù mẹ́fà lọ. Híjáàbù kò burú bí ojú bá hàn láti iwájú orí dé àgbọ̀n; gèlè àti fìlà, ẹ ṣí wọn.

Ó tó kan orúkọ, èyí tó ń bá àwa Yorùbá ilẹ̀ Hausa jà jù. Ẹni tó ń ka ìwé yín ò rí yín, ìwé nìkan ló rí. Pásípọ́ọ̀tù sọ pé "Abdullateef Oluwaseun Adebayo". Báǹkì kọ "Adebayo Lateef S." Lẹ́tà ibi iṣẹ́ kọ "Mr. A. O. Adebayo". Ìwé ìgbéyàwó kọ "Abdul-Lateef". Èèyàn kan náà ni wọ́n lójú wa, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rin ni lójú ẹni tó jókòó sídìí tábìlì yẹn. Sherifat àti Sherifah, Ibrahim àti Ibraheem, Taiwo àti Taiye, bákan náà ni. Ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ni ìdí rẹ̀: ẹ mú NIN àti BVN bára mu pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù, kí báǹkì tún orúkọ àkáǹtì yín kọ, kí ibi iṣẹ́ kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kíkún bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Èyí tí kò bá ṣeé yí padà mọ́, bí ìwé ẹ̀rí iléèwé, ẹ lọ búra ní kóòtù gíga kẹ́ ẹ so ìwé ìbúra mọ́ ọn. Ìyàwó tó ti yí orúkọ sí ti ọkọ nínú pásípọ́ọ̀tù tí báǹkì rẹ̀ ṣì wà lórúkọ bàbá rẹ̀, ìwé ìgbéyàwó ló máa fi dí àlàfo yẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Ìbéèrè tí gbogbo ayé ń bi ni "mélòó ló gbọ́dọ̀ wà ní àkáǹtì?" Ìbéèrè náà ò bá ọ̀rọ̀ mu. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ti kéde iye tí àlejò gbọ́dọ̀ lè ná lójúmọ́: Netherlands ní €55, Faransé ní €65 fún ẹni tó ní hòtẹ́ẹ̀lì, €120 fún ẹni tí kò ní, €32.50 fún ẹni tó máa dé sílé ẹbí pẹ̀lú ìwé ìgbàlejò. Ọjọ́ mẹ́wàá ní Netherlands jẹ́ €550. Owó yẹn ò tó ìjà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí owó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, àti bóyá ìrìnàjò náà bá agbára yín mu.

Ká sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni yín. Lẹ́tà ọ́fíìsì sọ pé owó oṣù yín jẹ́ ₦480,000. Ìwé owó oṣù láti IPPIS, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù, fi ₦480,000 hàn lápá òkè, nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó orí, owó fẹ̀yìntì, NHF (owó àkójọ ilé gbígbé) àti ti kọ́pú, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ku ₦371,200. Báǹkì wá fi ₦371,200 hàn lójú ìlà tí owó wọlé. Ìwé mẹ́ta yìí bára mu nìyẹn, bí ẹ bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ẹni tó bá fi lẹ́tà àti báǹkì nìkan sílẹ̀ láìsí ìwé owó oṣù, ₦480,000 ló sọ, ₦371,200 ni wọ́n rí. Kò sí ẹni tó máa pè é kó wá ṣàlàyé kọ́pú fún un. Ẹ fi ìwé owó oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn sílẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ìsinmi tó dárúkọ ọjọ́ tí ẹ máa lọ àti ọjọ́ tí ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́, kí ọjọ́ wọ̀nyẹn sì bá ti tíkẹ́ẹ̀tì mu.

Èkejì ni owó òjijì. Àkáǹtì tó ti ń jẹ ₦150,000 látìgbà pípẹ́, tó wá di ₦3,000,000 ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó tẹ sítétimẹ́ǹtì jáde, owó àyálò ni lójú wọn, òótọ́ ni wọ́n sì máa ń rò lọ́pọ̀ ìgbà. Bí owó náà bá mọ́, ẹ fi ẹ̀rí hàn. Bí àjọ lẹ kó, ẹ fi ìwé ẹgbẹ́ àti orúkọ ẹni tó san án sí i. Bí ilẹ̀ lẹ tà ní Lugbe, ẹ fi ìwé títà sí i. Bí ẹ̀gbọ́n yín ló fún yín, ẹ̀gbọ́n ni kó kọ lẹ́tà, kó fi sítétimẹ́ǹtì tirẹ̀ sílẹ̀, kó ṣe onígbọ̀wọ́ ní gbangba. Oníṣòwò Wuse Market tàbí Sabon Gari tó ń fi owó sí àpótí: láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ ti máa gbé owó ọjà lọ sí báǹkì, kẹ́ ẹ fi ìwé CAC àti ti owó orí kún un. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọlọ́rọ̀ ni láàárín ọjà, tálákà ni lórí ìwé.

Ẹni tó bá ní ẹbí lọ́hùn-ún, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀, lẹ́tà lásán ò tó. Ní Jámánì, ẹbí náà máa lọ sí ọ́fíìsì àwọn àlejò ìlú rẹ̀ láti fọwọ́ sí Verpflichtungserklärung, ìyẹn ìwé àdéhùn pé òun máa gbé bùkátà yín, €29 ni, kí ẹ sì lò ó kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ní Faransé, attestation d'accueil, ìwé ìgbàlejò, ni, láti ọwọ́ mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ojúlówó rẹ̀ ni kó rán wá, kì í ṣe fótò orí WhatsApp.

Inṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ tó €30,000, kó ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ṣẹ́ńgẹ̀n, kó bo ìtọ́jú pàjáwìrì, ilé ìwòsàn àti gbígbé aláìsàn tàbí òkú padà sílé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìbílẹ̀ ń tà á ní náírà. Ẹ wo ọjọ́ rẹ̀: tí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá gbéra láti Abuja lálẹ́ ọjọ́ 9 tó dé lọ́jọ́ 10, kí inṣọ́ránsì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9. Ẹni tó ń tọrọ físà onílọ́po, èyí tí èèyàn lè fi wọlé léraléra, ìrìn àkọ́kọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ ra ti ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n á dá owó padà bí físà ò bá bọ́ sí i. Àwọn kan ń dá a padà.

Tíkẹ́ẹ̀tì: ìwé pé ẹ ti gba àyè nínú ọkọ̀ òfúrufú tó, ẹ má tíì san owó tí kò ṣeé gbà padà. Hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ gbà kí ẹ lè gba físà, tí ẹ wá fagi lé lọ́jọ́ kejì, ẹ́ńbásì lè tẹ̀ wọ́n láago.

Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ ní ìwé ìbí láti NPC, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda òbí méjèèjì. Bàbá tó wà ní Port Harcourt náà máa fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ ìtẹ̀ka, ìka mẹ́wàá ni wọ́n ń yà, ọmọ tí kò tí ì pé 12 bọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ fẹ́ lọ ṣe yìgì lọ́jọ́ Saturday, ẹ gbọ́: làálì tó dúdú bo orí ìka máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ má rí ìlà ìka. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ padà wá, àyè mìíràn sì ń wọ́n. Ẹ yà á sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi orí ìka sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ dúró kó parẹ́. Ẹni tí símẹ́ǹtì tàbí kẹ́míkà ti jẹ ìka rẹ̀, kó dá ọwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kó máa fi òróró pa á. Ìka tí wọ́n bá yà yìí ṣeé lò fún oṣù 59, bẹ́ẹ̀ ẹ lè sọ fún wọn bí ẹ bá ti ní i nílẹ̀.

Ìdáhùn: ọjọ́ 15, ó lè di 45 bí wọ́n bá fẹ́ yẹ nǹkan wò sí i. Pásípọ́ọ̀tù yín wà lọ́wọ́ wọn ní gbogbo àsìkò yìí. Ẹni tó ní Ọ́múrà tàbí Hájì nínú oṣù kan náà, kó má ṣe dá méjèèjì pọ̀.

Bí pásípọ́ọ̀tù bá dé, ẹ má kúrò nídìí kàńtà kí ẹ tó ka sítíkà. Ọ̀pọ̀ ń wo "FROM" àti "UNTIL", wọ́n á ní oṣù kan ni wọ́n fún àwọn. Ìlà tó ń jẹ́ "DURATION OF STAY" ni òkodoro. Bí UNTIL bá jẹ́ ọjọ́ 30 tí DURATION sì jẹ́ 12, ọjọ́ 12 péré lẹ ní. Ọjọ́ 15 tí wọ́n ń fi kún àsìkò físà, fún bí ìrìn bá sún síwájú ni, kì í ṣe fún ìgbádùn. "01" túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀kan lẹ lè wọlé: bí ẹ bá ti Paris lọ London, ẹ ò lè padà sí Paris mọ́. "MULT", ìyẹn onílọ́po, lẹ fẹ́. Ìlànà wọn ni pé ẹni tó bá ti gba físà mẹ́ta tó sì lò wọ́n dáadáa láàárín ọdún méjì lè rí ọlọ́dún kan, lẹ́yìn èyí ọlọ́dún méjì, lẹ́yìn rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún, bí pásípọ́ọ̀tù bá lè gbé e.

Físà ò ti ilẹ̀kùn ibodè ṣí tán. Wọ́n ṣì lè bèèrè tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà, ibi tí ẹ máa sùn, owó tí ẹ máa ná, nítorí náà kí ìwé wọ̀nyẹn wà nínú àpò ọwọ́, kì í ṣe nínú báàgì tí ẹ tì sísàlẹ̀ ọkọ̀. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ EES, ẹ̀rọ tó ń kọ ọjọ́ wíwọlé àti ọjọ́ jíjáde sílẹ̀ dípò òǹtẹ̀. Ọjọ́ kan tí ẹ bá fi lé e, ẹ̀rọ á rí i. ETIAS, ìyẹn ìyọ̀ǹda ìrìnàjò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní tirẹ̀, àwọn tí kì í gba físà ló wà fún. Ẹni tó bá ń tà á fún ará Nàìjíríà, gbájúẹ̀ ni.

Ẹni tó kàn fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ òfúrufú ní Frankfurt tàbí Paris lọ sí ibòmíràn, ọmọ Nàìjíríà nílò físà ìkọjá pápákọ̀, àfi bí ẹ bá ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Japan tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bí wọn ò bá fún yín, owó físà ò ní padà. Ẹ ó gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fàmì sí ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá fàmì sí pé ìdí ìrìn ò dá wọn lójú, ìwé ìkésíni àti ètò ìrìn lẹ máa tún ṣe. Bó bá jẹ́ pé kò dá wọn lójú pé ẹ máa padà sílé, iṣẹ́, ẹbí àti dúkìá lẹ máa fi ẹ̀rí hàn. Ẹ lè pẹjọ́ lọ́dọ̀ orílẹ̀-èdè tó kọ̀, ṣùgbọ́n Jámánì ti fòpin sí ẹ̀bẹ̀ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ ẹ́ńbásì láti ọjọ́ 1 oṣù keje 2025. Kóòtù Berlin ló kù, oṣù kan sì ni wọ́n fún yín. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, títún tọrọ ló yá jù, kò sì sí òfin pé kẹ́ ẹ dúró fún iye oṣù kan. Ọdún márùn-ún ni àkọsílẹ̀ yín máa wà nínú ẹ̀rọ wọn tí gbogbo wọn jọ ń wò, nítorí náà kíkó ìwé kan náà lọ bá ẹ́ńbásì mìíràn kò yí nǹkan kan padà. Ẹ kọ ọ́ sójú ewé kan péré: ohun tí wọ́n fàmì sí, ohun tó ti yí padà látìgbà náà, àti ìwé wo nínú àwọn tí ẹ so mọ́ ọn ló fi hàn bẹ́ẹ̀.